Abéèrè-Ọ̀nà Láàrin Accra àti Èkó: Èdè Faransé Lójú Ìrìn Àwọn Oníṣòwò Yorùbá

Ẹni tí ó bá gba títì etí òkun láti Accra, olú-ìlú Gánà, lọ sí Èkó yóò la orílẹ̀-èdè méjì kọjá: Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba ń lò níbi tí ó ti gbéra àti níbi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni ti ilẹ̀ méjèèjì tí ó wà láàrin. Àwọn baba wa gbà pé abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ wádìí ni irú èdè tí àwọn Yorùbá tí ń gbé Accra lè fi béèrè ọ̀nà lójú àlọ àti àbọ̀, àti ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún àwa olùkọ́ èdè.

Àjọṣe Accra pẹ̀lú ìhà ìlà-oòrùn ti pẹ́ ju ààlà lọ. Àdúgbò kan wà ní James Town tí wọ́n ń pè ní Ngleshie Alata. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so orúkọ yìí mọ́ Allada, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ òde òní, níbi tí a gbọ́ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kó òṣìṣẹ́ wá sí odi James tí wọ́n kọ́ ní 1673. Nígbà tí ó yá, Alata di orúkọ tí àwọn ará Gánà ń pe Yorùbá. Lagos Town ni a sì ń pe Accra New Town tẹ́lẹ̀.

Àwọn Òyìnbó ni ó wá fi ààlà gé ọ̀nà yìí. Jámánì gba Tógò ní 1884. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà tí ó fi Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ sí abẹ́ Faransé. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, àwọn méjèèjì gba Tógò lọ́wọ́ Jámánì, wọ́n sì pín in. Apá ti Gẹ̀ẹ́sì dìbò ní 1956 láti dara pọ̀ mọ́ Gold Coast, tí ó di Gánà ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1957. Lómè bọ́ sí apá ti Faransé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti Aflao ti Gánà fara kan ara wọn.

Síbẹ̀, ààlà kò gé ahọ́n àwọn ará ọ̀nà. Èdè Éwé wà ní ọjà Accra, ó wà ní Aflao, ó sì wà ní Lómè. Èdè Mínà, tí ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ni a ń gbọ́ ní Aného. Fọn gbilẹ̀ ní Kútọ̀nú. Ègùn àti Yorùbá sì ni ti Àjàṣẹ́. Ní ọjà Dantokpa ní Kútọ̀nú, a lè fi Yorùbá ná ọjà. Kódà, zémidjan, orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀kadà níbẹ̀, kì í ṣe èdè Faransé. Nítorí náà, ẹni tí ó ń wá ọjà tàbí ilé ojúlùmọ̀ lè béèrè ọ̀nà láìsọ Faransé rárá.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní ẹnubodè. Faransé ni a fi kọ ìwé ibẹ̀, òun náà sì ni èdè iṣẹ́ aṣọ́bodè. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí pẹ̀lú. Gánà ni a sì bí àwọn mìíràn sí. Ẹni tí ó bá gba orí ilẹ̀ padà ní láti la Tógò àti Dàhómì kọjá. Yorùbá ilé, Twi tàbí Gáà ìgboro, àti Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé lè wà lẹ́nu ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tí aṣọ́bodè Lómè ń kọ sínú ìwé rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà ní láti fi ara rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ sábẹ́ ẹnu ògbufọ̀. Ti àwọn ará Èjìgbò tí ó lọ sí Abidjan yàtọ̀: ìgbé-ayé níbẹ̀ ni ó kọ́ wọn ní Faransé, wọ́n sì gbé e padà wá sí ilẹ̀ Ọ̀ṣun.

Àwọn ìjọba pàápàá rí àléébù yìí. A dá Ilé-ẹ̀kọ́ Èdè ti Gánà sílẹ̀ ní Accra ní 1961. Àjọ ECOWAS bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ìrìnnà fàlàlà ní 1979. Nàìjíríà dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1991. Gánà náà wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ń lo Faransé ní 2006.

Kí ni kí olùkọ́ wá mú nínú ìtàn yìí? Àkọ́kọ́ ni ìró. *À droite* ni kí a yà sí ọwọ́ ọ̀tún. *Tout droit* ni kí a máa lọ tààrà. Ìró *t* ìparí ni ó ṣe pàtàkì jù láti fi ya *droite* sọ́tọ̀ kúrò lára *droit*, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn kò ṣe nǹkan kan. Èyí tí kò bá gbọ́ *t* náà ni yóò kọjá ibi tí ó yẹ kí ó ti yà. Èkejì ni ìkíni: *bonjour* ni ó ń ṣáájú ìbéèrè, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń kí ènìyàn kí ó tó sọ ohun tí ó ń wá. Ẹ̀kẹta ni pé kí a má ṣe fi orúkọ òpópónà nìkan kọ́ni. Ọjà, oríta àti ilé-ìjọsìn ni àwọn ará ìlú fi ń júwe ọ̀nà. Ẹni tí ó bá mọ Faransé tí yóò sọ fún aṣọ́bodè, tí ó tún mọ bí a ti ń kí ìyá ọlọ́jà ní èdè Éwé tàbí Ègùn, ni a lè sọ pé ó ti gbára dì fún ọ̀nà Accra.