Ọwọ́ Tó Ń Bọ́ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù: Láti Stationery Stores dé MFM ní Agége

Láti Oregun dé Ìkẹjà àti Agége, ilé iṣẹ́ pọ̀ ní apá ibẹ̀ nílùú Èkó. Ìjọba nìkan kọ́ ló sì ń dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́, oníṣòwò àti ìjọ Ọlọ́run pàápàá ń ṣe é. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ẹsẹ̀ tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá kò wọ́n l'Ékòó rí, òǹwòran náà kò sì wọ́n. Àmọ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bọ́ ẹgbẹ́. Bí ọwọ́ yẹn bá ká kò, ẹgbẹ́ á kú.

Ní 1958 ni Israel Adebajo, ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ta ìwé àti ohun èlò ọ́fíìsì, dá ẹgbẹ́ Stationery Stores sílẹ̀ l'Ékòó. Wọ́n gba Challenge Cup, ife ẹ̀yẹ Nàìjíríà, ní 1967 àti 1968. Ọ̀pọ̀ ọmọ Stores ló wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ní Mexico ní 1968, níbi tí wọ́n ti ta ọ̀mì 3–3 pẹ̀lú Brazil. Adebajo jáde láyé ní 1969, síbẹ̀ àwọn alátìlẹyìn kò yéé pe ẹgbẹ́ náà ní Adebajo Babes. Agbábọ́ọ̀lù wọn, Haruna Ilerika, di ààyò wọn ní àwọn ọdún 1970. Ife náà tún bọ́ sọ́wọ́ wọn ní 1982 àti 1990, wọ́n sì gba líìgì Nàìjíríà ní 1992. Ohun tó ń dunni ni pé kò pẹ́ lẹ́yìn adé yìí tí ìjà lórí ẹni tó ni ẹgbẹ́ fi dé ilé ẹjọ́, tí Stores sì pòórá lórí pápá.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níta Èkó. Láti 1984 dé 1987, Leventis United ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́, àti Abiola Babes ti Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ oníṣòwò, ń gba Challenge Cup mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mejì. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi kógbá sílé.

L'Ékòó, Julius Berger, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń la ọ̀nà tó sì ń kọ́ afárá, gba líìgì ní 1991 àti 2000. Ibẹ̀ ni Sunday Oliseh àti Taribo West gbà kọjá sí Yúróòpù. Ní àṣekágbá African Cup Winners' Cup ti 2003, wọ́n na Étoile du Sahel ti Tùnísíà 2–0 nílé, àmọ́ wọ́n jẹ 3–0 lẹ́yìn odi. Nígbà tó yá, orúkọ wọn di Bridge, òkìkí wọn sì lọ sílẹ̀. Láti ìgbà tí Berger ti gbà á ní 2000 títí di 2024, kò sí ẹgbẹ́ Èkó tó tún gba líìgì náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní Ukraine, ilé iṣẹ́ ńlá ló tọ́ ẹgbẹ́ Dnipro dàgbà nígbà ìjọba Soviet, kí olówó aládàáni tó gbà á. Ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá Europa League ní 2015. Ní 2019 ó ti tú ká, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ká padà sí Èkó. Ní Agége, ìjọ ló ń náwó. Mountain of Fire and Miracles, tí Dókítà Daniel Olukoya dá sílẹ̀, ló ni ẹgbẹ́ MFM, tí wọ́n ń pè ní Olukoya Boys. Pápá ìṣeré Agége ni ilé wọn. Wọ́n wọ líìgì àgbà ní sáà 2016. Lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Fidelis Ilechukwu, wọ́n ṣe ipò kejì sí Plateau United ní 2017. Ọdún yẹn náà ni Stephen Odey, tó ń gbá góòlù wọlé fún wọn, lọ sí FC Zürich. Nínú CAF Champions League ti 2018, wọ́n yọ Real Bamako ti Málì, wọ́n na MC Alger 2–1 nílé, kí wọ́n tó jẹ 6–0 ní Algiers. Àyò mẹ́fà yẹn kò gbọdọ̀ bo iṣẹ́ ọdún méjì náà mọ́lẹ̀. Ní 2022, wọ́n já kúrò ní líìgì àgbà.

Lójú tèmi, MFM sàn ju Stores lọ ní ọ̀nà kan: ìjọ kì í fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àrólé láti jà sí. Ṣùgbọ́n òǹwòran Agége tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, ohùn wo ló ní nínú bí wọ́n ṣe ń darí ẹgbẹ́ náà? Ní Jámánì, òfin 50+1 ti 1998 ní kí ìbò tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú líìgì wa.