Àṣìṣe Yàtọ̀ sí Olè Jíjà: Àyẹ̀wò Òṣìṣẹ́ Ọdún 2016 ní Lọ́kọ́ja

Àwọn ọmọ tó ń dàgbà láàárín wa ò mọ ohun tójú rí ní 2016, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí.

Oṣù kìíní ọdún náà ni Yahaya Bello di gómìnà Kogí. Kò pẹ́ tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, wọ́n ní àwọn fẹ́ yọ ayédèrú òṣìṣẹ́ kúrò nínú ìwé owó oṣù. Irọ́ kọ́, ayédèrú wà lóòótọ́. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń wá olè, owó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gidi náà dúró. Ẹlòmíì ò gbowó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀hónú pọ̀ débi pé wọ́n tún gbé ìgbìmọ̀ míì dìde láti gbọ́ ọ. Ọjà náà dá: tíṣà tó ń ra odidi báàgì ìrẹsì tẹ́lẹ̀ wá ń ra múdù kan, láwìn.

Bí orúkọ ọkọ obìnrin bá wà nínú àkáǹtì, tí ti bàbá rẹ̀ wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, àṣìṣe nìyẹn. Jìbìtì ní tiẹ̀, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ wo owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá. John Yusufu tó jẹ́ ọ̀gá kan níbẹ̀ jẹ́wọ́ ní kóòtù lọ́dún 2013, kó san ìtanràn 750,000 náírà ni wọ́n ní. Ó di 2018 kí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 6, kó sì dá bílíọ̀nù 22.9 náírà padà.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Netherlands, ìjọba pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí tó ń gba owó ìtọ́jú ọmọ ní oníjìbìtì, ẹlòmíì sì rèé, ó kàn gbàgbé láti buwọ́ lùwé ni. Nígbà tí òtítọ́ jáde, odidi ìjọba Mark Rutte kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2021.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ìjọba ṣàyẹ̀wò, ó dáa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ tẹnu èèyàn ná, kí wọ́n tó dá owó ẹ̀ dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níṣẹ́ ìjọba, ẹ rí i pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín bára mu nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, BVN àti NIN, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sílé.