Ọjọ́ tí Ọkọ̀ Kúrò ní Òsì

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọjọ́ Àìkú ni, ọdún Àjíǹde sì ni pẹ̀lú. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà, n kò lè sọ pé ó ṣojú mi. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ṣojú wọn ní Ìlaròó àti Ayétòrò, àti ohun tí mo rí lára ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Kí ni ó gbé wa dé apá òsì tẹ́lẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì ni. Àdéhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni ó la ilẹ̀ wa sí méjì. Kétu, Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọ̀bẹ́ bọ́ sí apá Faransé. Ìlaròó, Ayétòrò àti Ìdìrókò bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá dé, olúkúlùkù kọ́ àwọn tí ó ń ṣe àkóso lé lórí ní àṣà ilé tirẹ̀: Faransé ní ọ̀tún, Gẹ̀ẹ́sì ní òsì. Nítorí náà, títí di ọdún 1972, awakọ̀ tí ó bá ti Ìdìrókò wọ Ìgólò ní ilẹ̀ Dàhòmì (èyí tí ó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975) gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọwọ́ ní ẹnubodè. Ẹ wò ó ná. Ìbátan ni àwọn ènìyàn tí ó wà ní ìhà méjèèjì. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, òòṣà kan náà ni wọ́n ń bọ, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọ ọkọ̀, ẹni tí ó ń lọ kí àna rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gbàgbé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a yí padà. Gáńbíà ti ṣe é ní 1965, Sweden ní 1967, Sàró ní 1971. Gánà tẹ̀ lé wa ní 1974. Ìdí tiwa kò ṣòro í rí: Dàhòmì, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù tí ó yí wa ká, ọ̀tún ni gbogbo wọn.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ìyípadà náà kò le fún Yorùbá, nítorí pé ọ̀tún ni àwa ń bọlá fún láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Òótọ́ ni pé Ọ̀tún ń ṣáájú Òsì nínú oyè. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà yóò gbọ́ ìbáwí. Bí babaláwo bá tẹ odù, apá ọ̀tún ni ó ń kọ́kọ́ kà. Àwọn Ògbóni nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n gbé òsì ga, tí wọ́n fi ń kí ara wọn, ọ̀rọ̀ awo sì ni ìyẹn. Síbẹ̀, n kò gba àlàyé yìí wọlé. Iyì tí a fún ọ̀tún wà nínú ọkàn. Ohun tí ó ń wa ọkọ̀, tí ó sì ń sọdá títì, ni ara, ohun tí ara bá sì ti mọ̀ fún ogún ọdún, oyè kò lè lé e jáde.

Ohun mìíràn tún wà tí a kì í sábà rántí. Ìjọba lè pààrọ̀ apá títì láàárín òru ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè pààrọ̀ àwọn ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Ìhà ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí nínú àwọn bọ̀lẹ́kájà àti bọ́ọ̀sì àtijọ́, nítorí pé títì olósì ni a ṣe wọ́n fún. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá ń rìn ní ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ igbó ni awakọ̀ wà. Bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ tí ó wà níwájú sílẹ̀, kò lè rí ohun tí ń bọ̀ àfi bí ó bá ti gbé ìdajì ọkọ̀ rẹ̀ sójú ọ̀nà ẹlòmíràn. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò yọrí ní apá òsì, tí yóò pariwo pé ọ̀nà ṣí. Ẹ̀mí gbogbo èrò wá di ohun tí ó wà lẹ́nu ọmọdé. Àwọn bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn èrò wọn wà ní òsì kò sì yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí tẹ́lẹ̀. Láti 1972, àárín títì ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Bàbá Olóbì ni gbogbo ọmọ ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí. Ní ọdún 1973, wọ́n ń ti ọjà Òwòdé bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan. Ọkọ̀ dúró létí títì ní ọ̀tún, Bàbá Olóbì sọ̀kalẹ̀ ní ilẹ̀kùn òsì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n wo ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ wọn láti kékeré pé ọ̀tún ni kí ènìyàn kọ́kọ́ wò, wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń ya bọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ láti ẹ̀yìn gbá wọn láti òsì. Wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn kan ní orúnkún. Gbogbo ẹbí ní wọn kò fojú sílẹ̀. Àwọn fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ kan bá fẹ́ sáré sọdá, wọn a na ọ̀pá sí igi tí wọ́n fi rọ́pò ẹsẹ̀, wọn a ní kí ó wo ohun tí àìfarabalẹ̀ ṣe.

Nígbà tí ó fi di oṣù Kejì ọdún 1988 tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ọdún 16 ti kọjá lórí ìyípadà náà. Ewu tòní yàtọ̀: ọ̀kadà tí kò tan iná lóru, àti ọkọ̀ fàyàwọ́ tí ó ń sá eré àsápajúdé láàárín abúlé, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017. Ohun kan tún wà tí mo máa ń rí ní ọ̀nà Ayétòrò tí ó máa ń bà mí nínú jẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń rìn ní ọ̀tún, wọ́n kẹ́yìn sí ọkọ̀, nítorí wọ́n gbọ́ pé ọ̀tún ni òfin wí. Oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kọ̀ ni ọ̀tún wà fún. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, òsì ni kí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn gbà, kí ó lè máa wo ojú ohun tí ń bọ̀.

Nígbà tí mo ń múra ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lórí ẹnubodè wa ni mo ya àwòrán títì sórí pátákó: bọ́ọ̀sì, ilẹ̀kùn òsì, ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀. Mo fi ọfà hàn ibi tí ó wò àti ibi tí ewu ti wá. N kò mọ ìgbà tí mo fi ẹfun sílẹ̀ tí mo jókòó. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, mo lọ sí Ìlaròó, mo sì ṣe àlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, mo fi ìṣáná méjì àti agolo mílíìkì kan tò ó fún wọn lórí tábìlì. Wọ́n wò ó pẹ́.

Wọ́n ní, “Ṣé ẹnìkankan sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó lọ?”

Ọdún 2004 ni Bàbá Olóbì kú. Mo kó ìṣáná náà nílẹ̀.