Géèjì 28: ìbọn kékeré tí eré ìdárayá kò jẹ́ kó kú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn ìbọn ló wà lọ́wọ́ mi lónìí. Ẹ fara balẹ̀, kì í ṣe ìtàn ogun, kì í sì í ṣe ti adigunjalè. Ìtàn ìbọn ọdẹ kékeré kan ni, èyí tó yẹ kó ti parẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ tó wá di ààyò ọ̀pọ̀ ọdẹ ní Amẹ́ríkà. Géèjì 28 ni wọ́n ń pè é. Ó yá, ẹ ká lọ. 🧵

1/ Èmi ò ní ìbọn o, mi ò sì ń dọdẹ. Ìbéèrè kan ló fà mí mọ́ ọ̀rọ̀ yìí: tí nǹkan méjì bá jọ wà lọ́jà, kí ló ń pinnu èyí tí yóò yè àti èyí tí yóò kógbá wọlé? A máa ń rò pé èyí tó dára jù ló ń borí. Ìtàn ìbọn yìí ò gbà bẹ́ẹ̀.

2/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ńbà yẹn ná. Kí ni 28? Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni ìbọn ṣe tóbi tó. Rárá. Òdìkejì rẹ̀ ni.

3/ Láyé ìgbà tí wọ́n ń ki ìbọn láti ẹnu, bí àwọn ọdẹ wa ṣe ń ki ṣakabùlà, òjé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe ọta. Ẹ mú òjé pọ́n-ùn kan, nǹkan bí gíráàmù 454. Ẹ yọ́ ọ, kí ẹ fi rọ ọta róbótó tó dọ́gba. Tó bá jẹ́ ọta 12 ló jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bá ẹnu ìbọn náà mu wẹ́kú, géèjì 12 nìyẹn. Tó bá jẹ́ 28 ló jáde, géèjì 28 nìyẹn.

4/ Ṣé ó ti yé yín? Iṣu kan náà ni. Tí ẹ bá pín in fún èèyàn 12, ti ẹnìkọ̀ọ̀kan á tóbi ju ìgbà tí ẹ bá pín in fún èèyàn 28 lọ. Ìdí nìyẹn tí 28 fi kéré sí 12.

5/ Lónìí, ẹnu géèjì 12 fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 18.5. Ti 16 jẹ́ 16.8, ti 20 jẹ́ 15.6, ti 28 jẹ́ 14. Èyí tó kéré jù nínú àwọn tí mo máa dárúkọ ni .410, ìwọ̀n ínṣì sì ni wọ́n fi sọ òun lórúkọ. Ẹ rántí àwọn nọ́ńbà yìí, pàápàá 16. Ó máa tó kàn wá.

6/ Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Parker Brothers ní ìlú Meriden, ìpínlẹ̀ Connecticut, ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó gbé 28 wọ ọjà, ní nǹkan bí 1903. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni iṣẹ́ Parker, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. 28 wọn fúyẹ́, ó sì rẹwà. Ìbọn ẹni tó fẹ́ rin pápá látàárọ̀ dalẹ́ lẹ́yìn àparò ni.

7/ Àmọ́ kò tà púpọ̀. Ọta òjé tó wà nínú kátíríìjì 28 kò ju nǹkan bí gíráàmù 21 lọ. Ti 12 lè tó 32, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tó ń wá ẹran fún ìkòkò ọbẹ̀, tí owó ìbọn kan ṣoṣo ló wà lápò rẹ̀, 12 ni yóò rà. Ẹ ò lè bá a wí.

8/ Ẹni tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn láàrin ńlá àti kékeré ni géèjì 16. Ó fúyẹ́ ju 12 lọ, ó sì ń gbé ọta ju 20 lọ. Ní Jámánì àti Ọ́sítríà, ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ń lò ó. Ní 1937, Browning ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní Sweet Sixteen. Orúkọ yẹn nìkan ti sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ká ní ẹ bi ọdẹ ìgbà yẹn léèrè pé láàrin 16 àti 28 èwo ló máa kú, mo gbà pé 28 ni ì bá dárúkọ.

9/ Ṣùgbọ́n 28 ló yè. 16 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé. Kí ló ṣẹlẹ̀? Eré ni o. Eré ìdárayá lásán.

10/ Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú Andover, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, nǹkan bí 1920. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Davies fẹ́ràn ọdẹ ẹyẹ. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá bí wọ́n ṣe máa dánra wò kí àsìkò ọdẹ tó dé. Wọ́n fa òbírí ńlá kan sílẹ̀ bí ojú aago, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó ń ju àwo pẹlẹbẹ sókè, wọ́n wá ń rìn yí òbírí náà ká, wọ́n ń yìnbọn lu àwo láti igun gbogbo.

11/ Àwo tí mo ń wí yìí kì í ṣe àwo oúnjẹ o. Ìyẹ̀fun òkúta ẹfun àti ọ̀dà ni wọ́n ń pò pọ̀ ṣe é, kó lè fọ́ wẹ́wẹ́ tí ọta bá ti kàn án.

12/ Wọ́n ń gbádùn ara wọn lọ, àfi bí aládùúgbò kan ṣe dá oko adìyẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọta ò sì gbọdọ̀ máa rọ̀ lé adìyẹ olóko lórí. Kí ni ṣíṣe? Wọ́n gé òbírí náà sí méjì, wọ́n lo ìdajì, wọ́n gbé ẹ̀rọ kejì sí òdìkejì, gbogbo ìbọn wá ń kọjú síbi kan náà. Títí dòní, ìdajì òbírí yẹn ni pápá eré náà. Adìyẹ ló yà á! 😂

13/ William Harnden Foster, tó jẹ́ ayàwòrán àti olóòtú ìwé ìròyìn àwọn ọdẹ, wà lára wọn. Òun ló gbé eré náà síta fún gbogbo ayé ní 1926. Wọ́n ní kí àwọn òǹkàwé wá orúkọ fún un, ẹni tó bá yege á gba 100 dọ́là. Obìnrin kan láti ìpínlẹ̀ Montana, Gertrude Hurlbutt, ló gba owó náà. Orúkọ tó fún un ni "skeet", tó fà yọ láti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ àwọn ará Scandinavia tó jẹ mọ́ yíyìnbọn.

14/ Ibi tí ìtàn wa ti yí padà rèé. Nígbà tí skeet di ìdíje ńlá ní Amẹ́ríkà, ẹni tó gbé ìbọn ńlá wá àti ẹni tó gbé ìbọn kékeré wá ò lè máa du ife kan náà. Wọ́n pín ìdíje sí ìsọ̀rí mẹ́rin: 12, 20, 28 àti .410.

Ẹ tún àtòkọ yẹn kà. Ta ni kò sí níbẹ̀?

15/ 16! Wọn ò fún un láyè tirẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n lé e o. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbé 16 wá, àmọ́ àárín àwọn oní-12 ni yóò wọ̀. Ta ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀? 28 ní tirẹ̀ gba ìsọ̀rí odindi, kò sì sí ìbọn tó tóbi jù ú lọ tó lè wọlé síbẹ̀ wá rẹ́ ẹ jẹ.

16/ Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí ọjà. Àwo 100 ni wọ́n ń yìn ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, 400 lápapọ̀ tí èèyàn bá fẹ́ ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa, ó máa ń nílò 28. Ẹ wá fi ìdánrawò kún un. Torí náà, ní gbogbo ọdún tí ọdẹ ò rántí 28, àwọn eléré ń ra kátíríìjì rẹ̀, ilé iṣẹ́ sì ń ṣe é. Ìbọn tí kátíríìjì rẹ̀ ṣì wà lọ́jà ò tíì kú.

17/ Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo àparò ló ga bákan náà, àfi èyí tó bá gun orí ebè. 28 ò ga ju 16 lọ. Ebè ló rí gùn. Ìwé òfin skeet sì ni ebè náà.

18/ Ẹ fi wé Olympics. Skeet wọ Olympics ní 1968, ní Mẹ́síkò. Kò sí ìsọ̀rí ìbọn kékeré níbẹ̀ rárá. 12 làwọn tó ń díje ń gbé, ọta inú kátíríìjì kan ò sì gbọdọ̀ ju gíráàmù 24 lọ lóde òní. Ká ní irú òfin yẹn ni wọ́n tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ni ǹ bá rí ìtàn kankan kọ.

19/ Lórí pápá skeet yìí làwọn èèyàn ti wá mọ iyì 28. Ohun àkọ́kọ́ ni èjìká. Ìbọn tó ń ta gíráàmù 21 jáde kì í gbá èjìká bí èyí tó ń ta 32. Ẹni tó bá yìnbọn ìgbà 100 lọ́jọ́ kan á mọ ìyàtọ̀ lálẹ́. Tí ìbọn bá sì ń dun èèyàn, á bẹ̀rẹ̀ sí í dijú kó tó yìn ín. Àwo á kàn fò lọ ni. Àgbàlagbà tí èjìká ti ń ro, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, 28 gba gbogbo wọn mọ́ra.

20/ Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ á tún sọ fún yín pé ọta rẹ̀ ń jáde pọ̀ ní ìṣùpọ̀ kan, kì í fà gùn lójú ọ̀run, pé ìyẹn ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ju bó ṣe kéré lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin wọn. Àmọ́ ti èjìká, kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀.

21/ Ìṣòro wá dé láti ibòmíràn: òjé. Májèlé ni òjé. Pẹ́pẹ́yẹ igbó ń gbé ọta tó rì sísàlẹ̀ adágún mì, ó ń pa wọ́n. Ẹyẹ idì tó bá jẹ irú pẹ́pẹ́yẹ bẹ́ẹ̀ náà ń fara gbá a. Láti 1991, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọta òjé pa pẹ́pẹ́yẹ mọ́ níbikíbi lórílẹ̀-èdè náà. Òfin tó dára ni, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ó fojú ìbọn kékeré rí màbo.

22/ Ìdí ni pé irin ni wọ́n bọ́ sí, irin sì fúyẹ́. Ìwọ̀n tó gba gíráàmù 11.3 òjé, kò gbà ju nǹkan bí 7.8 irin lọ. Kí irin tó lè ṣiṣẹ́ òjé, ọta gbọ́dọ̀ tóbi, kátíríìjì náà gbọ́dọ̀ gùn kó lè gbà á. Kí òfin náà tó délé dóko pàápàá, ní 1988, Mossberg àti Federal ti gbé kátíríìjì 12 tó gùn tó ínṣì 3½ jáde. Ẹ bi èjìká àwọn tó yìn ín léèrè. 28 ò rí àyè níbẹ̀. Ó padà sídìí àwo àti àparò.

23/ Ohun tó wá gbé e dìde ni irin mìíràn. Bismuth wúwo ju irin lásán lọ dáadáa, ó sún mọ́ òjé. Tungsten wá jù wọ́n lọ pátápátá: èyí tí àwọn ọdẹ ń pè ní TSS, ìwọ̀n tó gba 11.3 òjé á gba nǹkan bí 18 nínú tirẹ̀. Torí náà ọta lè kéré gan-an, kó pọ̀ nínú kátíríìjì kékeré, kó sì ṣì wọlé dáadáa. Àwọn ọdẹ tòlótòló ní Amẹ́ríkà ti ń fi 28, àní .410 pàápàá, ṣe iṣẹ́ tí wọ́n máa ń rò pé 12 nìkan ló lè ṣe é. Owó rẹ̀ ò kéré o: ẹyọ kátíríìjì tungsten kan lè gba dọ́là mélòó kan.

24/ Ilé iṣẹ́ ti gbọ́ òórùn owó. Láàrin nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tó kọjá, Benelli ti Ítálì gbé 28 tó ń gba kátíríìjì ínṣì 3 jáde. Ínṣì 2¾ ni wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tí 28 ò lè sún mọ́ lẹ́yìn 1991, ó ti padà sẹ́yìn rẹ̀.

25/ Kí n má fi ìfẹ́ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Kátíríìjì 28 wọ́n ju ti 12 lásán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjé inú rẹ̀ kéré. Ti 12 ni wọ́n ń ṣe yanturu, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń sọ nǹkan dọ̀pọ̀. Ọ̀pọ̀ oní-28 ló ń ṣa òfìfo kátíríìjì wọn, tí wọ́n ń tún ẹ̀tù àti ọta dì sínú rẹ̀ nílé.

26/ Ewu tún wà fún ẹni tó ní ju ìwọ̀n ìbọn kan lọ. Kátíríìjì 20 tó bá ṣèèṣì wọnú ìbọn 12 á yọ̀ wọlé, á há sí àárín. Ẹni náà á rò pé òfìfo ni, á ki 12 tẹ̀ lé e, á yìn ín. Ìbọn á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kun kátíríìjì 20 ní àwọ̀ yẹ́lò. 28 náà lè há sínú 20. Ẹwà kékeré yìí ń fẹ́ ojú tó mọ́lẹ̀.

27/ Ti 16 ńkọ́? Kò kú tán. Browning dá Sweet Sixteen padà ní 2016, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Àmọ́ wọ́n máa ń ráhùn pé kátíríìjì rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Ìbọn dáradára ni. Àyè ni kò ní.

28/ (Ẹ rí nọ́ńbà tí mo parí sí? 😌) Ohun tí mo mú nínú ìtàn yìí rèé. Àwọn tó pín skeet sí mẹ́rin, bí wọ́n ṣe máa ṣètò ìdíje ni wọ́n ń bójú tó. Síbẹ̀, ìlà kan nínú ìwé òfin gbé ìbọn kan ró fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí irin tuntun fi dé tó wá fún un níṣẹ́ gidi. Èyí tí wọn ò kọ sínú ìlà náà, ìfẹ́ àwọn èèyàn nìkan ò tó gbé e ró.

Torí náà, níbi iṣẹ́ yín, nínú ẹgbẹ́ yín, tí wọ́n bá ń ṣe àtòkọ, ẹ tún un kà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ta ni 16 ibẹ̀? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀, kí ẹ sì bá mi pín in fún ẹni tó fẹ́ràn ìtàn.