Ale àti Lager: Bí Ọtí Àjèjì Ṣe Gba Ilé Ọtí Gẹ̀ẹ́sì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ọtí kì í ṣe ohun à ń jiyàn lé lórí: kí ẹni tó fẹ́ lager mu lager, kí ẹni tó fẹ́ ale mu ale. Nínú àwa tí a jọ kọ èyí, ẹnìkan kì í fi ọtí kan ẹnu rárá, àwọn tó kù sì ń mu lager nítorí pé òun ni wọ́n bá nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ka ìtàn bíà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó hàn sí wa pé ahọ́n nìkan kọ́ ló ń yan ọtí fún ènìyàn. Ẹni tó ni ilé ọtí wà níbẹ̀, ẹ̀rọ amúǹkantutù wà níbẹ̀, owó ìpolówó náà wà níbẹ̀. Èyí tó tún jù ni pé ife tí ẹnìkan yàn lè gba ife lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Omi, ọkà bálì tí wọ́n mú kí ó hù kí wọ́n tó yan án gbẹ, òdòdó kíkorò tí wọ́n ń pè ní hops, àti ìwúkàrà ni wọ́n fi ń pọn méjèèjì. Ìwúkàrà ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ti ale fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 15 sí 24°C. Ó máa ń léfòó sókè, ó sì ń parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ti lager ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù, bíi 7 sí 13°C, ó ń rì sísàlẹ̀, wọn á sì tún tọ́jú ọtí náà síbi tó tutù nini fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Inú èdè Jámánì ni orúkọ rẹ̀ ti wá: lagern, ìyẹn ni pé kí a kó nǹkan pamọ́. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn ará Jámánì náà mọ̀ ọ́n.

Ale ìbílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní ìwà kan tó yẹ kí á mọ̀ dáadáa. Wọn kì í pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ilé ọtí. Ó wà láàyè nínú àgbá, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, láìsí gáàsì tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sí i. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á jáde. Nǹkan bíi 11 sí 13°C ló máa ń wà tí wọ́n bá dà á sínú ife, nítorí náà àwọn tó ń sọ pé bíà Gẹ̀ẹ́sì gbóná ń bù mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ti ṣí àgbá, tí atẹ́gùn wọlé, ó yẹ kó tán láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kan. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ ẹmu àárọ̀ sí ẹmu alẹ́ kò nílò àlàyé ju èyí lọ.

Wọ́n ń pe ale ní ọtí ìbílẹ̀, àmọ́ ẹ wo ohun tí ìtàn sọ. Kí ó tó di nǹkan bí ọ̀rúndún 15, ale tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń mu kò ní hops. Láti apá Netherlands àti Flanders ni bíà tó ní hops ti wọlé. Orúkọ wọn pàápàá yàtọ̀: ale ni ti ilé, beer ni ti àjèjì. Ní 1542, oníṣègùn kan, Andrew Boorde, kọ ọ́ sínú ìwé pé ale ló bá ara ọmọ Gẹ̀ẹ́sì mu, pé ọtí àwọn ará Netherlands ni beer, ó sì ń mú kí ikùn ènìyàn wú. Ale tí àwọn ènìyàn ń jà fún lónìí ní hops nínú! Ohun tí Boorde ń sá fún gan-an ló wá di àṣà baba wọn. Ó pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a rántí pé àgbàdo tí a fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tiwa náà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá.

Lager náà jẹ Gẹ̀ẹ́sì ní gbèsè. Ní 1833, Gabriel Sedlmayr láti Munich àti Anton Dreher láti ẹ̀bá Vienna rin ìrìn-àjò káàkiri àwọn ilé ìpọntí Britain. Wọ́n ní ọ̀pá ìtilẹ̀ kan tó ní ihò nínú. Òun ni wọ́n fi ń jí ọtí àwọn tó gbà wọ́n lálejò fà, kí wọ́n lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú yàrá wọn. Nígbà tí Josef Groll sì pọn lager aláwọ̀ wúrà ní ìlú Plzeň ní 1842, ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi yan ọkà bálì rẹ̀ kí ó má baà dúdú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ amúǹkantutù Carl von Linde wọ ilé ìpọntí ní àwọn ọdún 1870, tí Emil Christian Hansen sì ya ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní Carlsberg ní 1883, kí adùn ọtí má baà máa yí padà.

Britain kò tètè gbà. Pale ale láti Burton upon Trent ń lọ káàkiri ayé nígbà náà. Àmì onígun mẹ́ta pupa ti Bass ni àmì òwò àkọ́kọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Britain, ní 1876. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pọn lager ní Wrexham ní 1882, Tennent ní Glasgow bẹ̀rẹ̀ ní 1885, síbẹ̀ títí di 1960, nínú ọgọ́rùn-ún ife bíà, ti lager kò tó márùn-ún.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Èrò tiwa ni pé àwọn apọntí Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló ṣí ilẹ̀kùn. Àgbá tó wà láàyè ń dà wọ́n láàmú, wọ́n bá ń pa ìwúkàrà inú ale pẹ̀lú iná, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń fẹ́ gáàsì sí i, wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Red Barrel ti Watney ló lókìkí jù nínú irú èyí. Lẹ́yìn náà àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbé ara wọn mì títí ó fi ku mẹ́fà tó ga jù, àwọn yìí ló sì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ọtí. Ohun tí wọ́n bá kó wá ni ẹni tó ń tajà yóò tà. Tí ènìyàn bá dúró síwájú ale tí wọ́n ti pa, tí lager tútù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ni yóò mú? A kò lè dá a lẹ́bi. Ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n dé, oòrùn gbígbóná ọdún 1976 dé, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí 1990, lager ti ju ìdajì gbogbo bíà tí wọ́n ń mu lọ.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin tó lọ gbafẹ́ ní Ireland ní 1971 ló dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀, láti gba ale inú àgbá là. Ìwé wọn, Good Beer Guide, jáde ní 1974. Ohun tí wọ́n kọ nípa Watney nínú rẹ̀ le débi pé wọ́n ní láti rọ̀ ọ́ lójú kó tó jáde. A kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a kò ti bá wọn lọ: ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ale ń kó gbogbo lager sínú àpò kan, bí ẹni pé ti Plzeň àti èyí tí wọ́n sáré pọn ní ilé-iṣẹ́ ńlá kò yàtọ̀. Ẹ̀gàn sí àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀dọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ìwé ìròyìn ń pariwo "lager lout" ní 1988, ṣé àwọn tó ń mu ale kì í yó ni?

Ohun tí CAMRA mọ̀, tó ṣe pàtàkì jù lójú wa, ni pé ọtí tó wà láàyè kò lè dúró de ẹni tí yóò mu ún. Tí àwọn tó ń mu ún ní ilé ọtí kan bá dín kù, àgbá kò ní tètè tán. Ife tó kẹ́yìn yóò kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tọ́ ọ wò, ife yẹn ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́; yóò yínmú, yóò sì padà sídìí lager. Ọjọ́ kejì, àwọn tó ń mu ún tún dín kù. Báyìí ni ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, tó kàn ń mu ohun tó wù ú, ṣe ń ṣèpinnu fún àwọn ẹlòmíràn láìmọ̀.

Ìdí tí èyí fi ká wa lára kò jìnnà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló jọba lé wa lórí, àmọ́ ale wọn kọ́ ló gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ ìpọntí tí UAC àti Heineken láti Netherlands dá sílẹ̀ ní 1946 ló pọn Star ní Èkó ní 1949, lager sì ni. Guinness ní Ìkẹjà tẹ̀ lé e ní 1962. Ìwúkàrà tó ń léfòó ni wọ́n fi ń pọn Guinness, nítorí náà ẹni tó ń pe odeku ní òun kò mọ ale, ọmọ ìyá ale ló ń mu. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí bàbà ńkọ́? Àwọn náà wà láàyè, àwọn náà kò ṣeé kó pamọ́, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ wa tó sọ ilé tí a ti lè rí wọn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, tí ẹ bá mọ ìyá kan tó ṣì ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní ìlú yín, ẹ sọ orúkọ ìlú náà fún wa, àti ọjọ́ tí ó máa ń pọn ọ́n.