Olú àti Àwọn Ìbátan Rẹ̀ Nílẹ̀ Yewa

Olú kì í ṣe ewéko, kì í sì í ṣe ẹranko. Inú ọ̀wọ́ ohun ẹlẹ́mìí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fungi ló wà. Wọn kì í fi oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewé. Omi tó ń mú nǹkan jẹrà ni wọ́n ń tú sórí ohun tí wọ́n bá hù lé, wọn a wá fa oje rẹ̀ mu. Bí kálukú ṣe ń so hóró ni wọ́n fi kọ́kọ́ pín wọn sí ẹ̀yà, kí àyẹ̀wò DNA tó dé.

Lára àwọn ẹ̀yà náà, Basidiomycota ni ará Ìlaròó àti Ayétòrò nílẹ̀ Yewa mọ̀ jù, torí ibẹ̀ ni olú jíjẹ wà. Èso lásán ni èyí tí à ń ká. Ara rẹ̀ gan-an ni fọ́nrán funfun tó ta káàkiri inú ilẹ̀ tàbí igi jíjẹrà. Dojú olú kan délẹ̀, wàá rí àwọn abala tẹ́ẹ́rẹ́ tí hóró ń jábọ́ lára wọn. Ẹsẹ̀ adìẹ ń hù lára igi gbígbẹ, ṣùgbọ́n ikán ló ń gbin olú ọ̀rán. Ikán á jẹ igi àti koríko gbígbẹ, á fi ìgbẹ́ rẹ̀ mọ afárá sínú ilé, fọ́nrán olú á bo afárá náà, á sì sọ ọ́ di ohun tí ikán lè jẹ. Nígbà òjò ni olú ń yọ síta. Olùwádìí B. A. Oso kọ nípa olú àti àwa Yorùbá nínú ìwé ìròyìn Mycologia lọ́dún 1975.

Ascomycota ló pọ̀ jù lọ. Inú àpò bíńtín ni wọ́n ń kó hóró sí, mẹ́jọ-mẹ́jọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwúkàrà tó ń mú ẹmu le wà lára wọn. Èyí tó yẹ kí àgbẹ̀ Yewa bẹ̀rù ni Aspergillus flavus, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé tó ń bo àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa. Májèlé aflatoxin tó ń tú jáde kì í tán tí a bá sè é, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Lọ́dún 2004, àgbàdo bẹ́ẹ̀ pa èèyàn 125 ní Kẹ́ńyà. Ẹ má sá àgbàdo sórí ilẹ̀ lásán, ẹ má sì dì í sápò kó tó gbẹ. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe: oríṣi Aspergillus tí kò ní májèlé ni wọ́n ń fọ́n sóko kó lè gba àyè lọ́wọ́ olóró.

Rhizopus, tó ń hu irun dúdú lára búrẹ́dì tó sì ń mú iṣu jẹrà, wà nínú Mucoromycota. Glomeromycota ń gbé inú gbòǹgbò ẹ̀gẹ́. Ó ń wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì fún un, ẹ̀gẹ́ sì ń fún un ní ṣúgà.

Àwọn Chytrid ló kù, tí hóró wọn nírù tó sì ń lúwẹ̀ẹ́. Batrachochytrium dendrobatidis, ọ̀kan nínú wọn, ń pa ọ̀pọ̀lọ́ káàkiri ayé. Wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà, àmọ́ lọ́dún 2013 àwọn olùwádìí ròyìn pé àwọn kò rí i ní ìwọ̀-oòrùn ọ̀dàn tó la igbó orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò já. Ilẹ̀ Yewa wà nítòsí ọ̀dàn yẹn, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n ṣàyẹ̀wò àwọn ọ̀pọ̀lọ́ odò Yewa.