Ìtàn Wa Nínú Ìwé Faransé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, kì í ṣe inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìtàn wa wà. Ní 1885, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Pierre Bouche, tẹ ìwé jáde ní Paris nípa etíkun wa àti ilẹ̀ Dàhómì, lẹ́yìn ọdún méje tí ó lò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lónìí, ẹni tí ó wà ní Ọjà'ba tàbí Mápó lè fi fóònù ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Gallica, àkójọ ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé ìkàwé àpapọ̀ Faransé ṣí ní 1997.

Àkọtọ́ ni ìdènà kìíní. Faransé a máa fi "ou" kọ "u", a sì máa fi "ch" kọ "ṣ". Nítorí náà, ẹni tí ó ń wá Ṣàngó yóò tẹ "Chango". Abẹ́òkúta di "Abéokouta", Kétu di "Kétou". "Nago" ni wọ́n sì sábà ń pe Yorùbá.

Ìtumọ̀ ni ìdènà kejì. Google Translate yóò yí gbólóhùn sí Gẹ̀ẹ́sì kíá, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún "féticheur". Ọ̀rọ̀ kan yìí ni wọ́n fi ń pe babaláwo, àwòrò àti oníṣègùn. Atúmọ̀-èdè Trésor de la langue française, tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò fi hàn yín pé láti inú èdè Potogí ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wá. Ẹ wá wo gbólóhùn tí ó yí i ká: bí a bá ti mẹ́nu ba ikin tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀, babaláwo ni.

Àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Ọmọ onílé ni yóò ka ohun tí àlejò kọ, tí yóò sì dá orúkọ padà fún olúkúlùkù.